Ẹ kú àná

"Ẹ kú àná" ni a fi ń kí ẹni tó ṣe wá lóore lánàá. A ti dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ bí ilẹ̀ ti mọ́, a tún kí i. Nítorí náà, ìmoore kọjá ìdùnnú ojú ẹsẹ̀. Ìrántí ni, ó sì gba ìsapá. Àwọn kan á sọ pé ọgbọ́n àtigba oore mìíràn ni ìkíni yìí, ṣebí Yorùbá náà ló ń sọ pé "Yin ni, yin ni, kẹ́ni lè ṣe òmíràn." Òótọ́ ni pé àwọn kan ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń kí aládùúgbò tó bá wa sìnkú bákan náà, a kò sì retí òkú mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kí olóore rẹ̀ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí ohun tí wọ́n ṣe fún un.