Chris Seydou, aránṣọ ará Mali tí kò kọ́kọ́ fẹ́ gé bogolan

Ìlú Kati, ní Mali, ni wọ́n ti bí Seydou Nourou Doumbia lọ́dún 1949. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ìlú rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, kó tó gba Abidjan dé Paris. Torí Christian Dior ló ṣe sọ ara rẹ̀ ní Chris.

Àmọ́, ó pẹ́ kó tó lè ki àlùmọ́gàjí bọ bogolan, aṣọ òwú tí àwọn obìnrin Bamana ń fi ẹrẹ̀ ya bátànì sí, tí ọdẹ ń wọ̀ fún ààbò. Ọ̀wọ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Oríṣiríṣi bátànì ló máa ń wà lára aṣọ kan, èyí tó bá sì ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ rí mọ ìyọnu tó wà níbẹ̀: ojú rírán kì í bára mu. Ni Seydou bá ní kí wọ́n máa ya bátànì ẹyọ kan ṣoṣo fún òun. Ìyẹn ló fi rán síkẹ́ẹ̀tì péńpé àti kóòtù tí Paris ń wò.

Ọdún 1994 ló kú.