Bùjé, Làálì àti Abẹ: Ohun Ọnà Ara Láyé Àtijọ́

Bí a bá bi ọmọdé òde òní léèrè ohun tí a fi ń ya ọnà sí ara, bírò tàbí máákà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti ń ya ọnà sára kí tàdáwà òyìnbó tó dé ilẹ̀ yìí, wọ́n sì mọ irú èyí tí ó yẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọnà náà yóò ti pẹ́ tó ni ó ń sọ ohun tí wọn yóò lò.

Èkíní ni èyí tí omi ń fọ̀ lọ. Orí òkúta ni a ti ń fi omi lọ osùn, a sì ń fi í kun ara ìyàwó àti ọmọ titun. Osùn yìí, pẹ̀lú ẹfun funfun àti wájì aláró, ni a fi ń ṣe ọnà sí orí àti ara ẹni tí a ń sọ di ìyàwó òrìṣà. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé àṣà náà sọdá òkun, títí di òní a ṣì ń gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu àwọn olórìṣà ní Brazil àti Kúbà.

Èkejì ni èyí tí ó ń gbé ọjọ́ díẹ̀. Omi èso igi ni bùjé, dúdú ni ó sì ń ya ara. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn àgbà kà fún un. Ewé ni làálì ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gba orúkọ náà. A ó gún un, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹsẹ̀, yóò sì pọ́n. Bí awọ ara bá ti ń paarọ̀ ni yóò máa ṣá. Àwọn Ìgbò ní irú bùjé tiwọn, ùlì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gbẹ́ni Uche Okeke gbé ọnà ùlì wọ Yunifásítì Nsukka láàárín ọdún 1970 sí 1980, ó sì di ohun tí a ń yà sórí bébà.

Ẹ̀kẹta ni ti abẹ, èyí tí kò ní parẹ́. Olóólà a fín ara wẹ́wẹ́, a fi dúdú ìdí ìkòkò ra á, ó di fínfín. Òun kan náà ni ó ń kọ àbàjà, pélé àti kẹ́kẹ́, tí Samuel Johnson ṣe àlàyé wọn nínú ìwé ìtàn tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Títa ríro ni à ń kọ ilà, bó bá jinná tán a doge. Ẹ kíyè sí i pé “kọ” tí ó wà nínú kọlà náà ni ó wà nínú kọ̀wé: ara ènìyàn ni ìwé wa àkọ́kọ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín ọmọdé lára tàbí kọ ọ́ nílà. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ọwọ́ kò lè yan ohun tí yóò gbé dé ibojì. Ṣùgbọ́n òfin wo ni ó lé bùjé lọ, bùjé tí kò ta ẹnikẹ́ni lára? Kò sí. Àwa ni a kó o pọ̀ mọ́ abẹ, a sọ ọ́ nù. Lónìí, àwọn kan ń ra “làálì dúdú” tí a fi aró irun lú, tí ó ń bó àwọn ẹlòmíràn lára. Bẹ́ẹ̀ làálì tòótọ́ kì í dúdú bí èédú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá délé nígbà ìsinmi, ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè igi bùjé, àti orúkọ ọnà tí wọ́n ń fi í yà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọnà bùjé kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ lára. Kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ náà parẹ́ lẹ́nu wa.