Ọ̀wọ̀ fún Ọwọ́ tí Ń Ya Ewé

Kò sí ẹni tí kò mọ òwe àwọn baba wa nínú yín, pé, Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Òwe yìí ni a fẹ́ fi wọn ìtàn àwọn kan tí a kì í sábà dárúkọ, èyíinì ni àwọn tí ń ya àwòrán ewé àti òdòdó ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ó wo bí a ti yìn wọ́n, ìgbà tí a yìn wọ́n, àti àwọn tí a kò yìn rárá.

Bí àgbàlagbà bá rán ọmọ lọ sí igbó láti já ewé wá, kì í ṣe orúkọ ewé náà nìkan ni yóò sọ fún un, nítorí ewé kan náà lè jẹ́ orúkọ kan ní ìlú kan, kí ó sì jẹ́ òmíràn ní ìlú kejì. Yóò sọ bí ó ti rí. Bí ọmọ náà bá ṣì í já, aláìsàn ni yóò jìyà àṣìṣe rẹ̀. Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ayàwòrán ewéko fi wúlò. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni ó ń wá. Ó ní láti ka ohun tí ó wà nínú òdòdó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó wo bí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, kí ó sì fi èso hàn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò rí igi náà rí yóò fi lè dá a mọ̀ láàrin igbó.

Ní ọdún 1787, William Curtis dá ìwé àwòrán òdòdó kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí à ń pè ní Botanical Magazine, tí ó sì ń jáde títí di òní. Láti 1834 ni Walter Hood Fitch ti ń yàwòrán fún un. Ọmọ iṣẹ́ ni Fitch í ṣe lọ́dọ̀ àwọn tí ń ya ọnà sí aṣọ ní Glasgow, kí William Hooker, olùkọ́ ìmọ̀ ewéko, tó mú un wá sọ́dọ̀. Nígbà tí Hooker di olórí Ọgbà Kew ní 1841, Fitch bá a lọ. Àwòrán rẹ̀ tí a tẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó jáde ní 1862, jẹ́ ti òdòdó pupa inú ìkarahun funfun kan láti Calabar, èyí tí a fi orúkọ ìyàwó William Cooper Thomson, míṣọ́nnárì ibẹ̀, pè lẹ́yìn ikú obìnrin náà. Báyìí ni òdòdó náà di ìrántí aya míṣọ́nnárì; ṣùgbọ́n lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀ àwòrán ni orúkọ ẹni tí ó yà á.

Ní 1877, ìjà dé. Fitch àti Joseph Hooker, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, kò fohùn ṣọ̀kan lórí owó iṣẹ́, Fitch sì fi ìwé náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 43. Ní 1880 ni ìjọba tó fún un ní owó ìfẹ̀yìntì.

Hooker wá kọ́ ìbátan rẹ̀ kan, Matilda Smith, ní iṣẹ́ náà. Àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1878, ó sì ya èyí tí ó lé ní 2,300 fún ìwé náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n fún iṣẹ́ kan tí ó ṣòro: bí a bá gbé ewéko tí ó ti gbẹ, tí ó ti pẹlẹbẹ, ka iwájú rẹ̀, yóò yà á bí ẹni pé ó ṣì wà lórí ilẹ̀. Ní 1926 ni Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ ńlá àwọn olùtọ́jú ọgbà, fi mẹ́dàlì fàdákà tí a fi ń rántí Veitch dá a lọ́lá. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kú.

Ẹni tí ó tẹ̀lé e ni Lilian Snelling, tí ó yàwòrán fún ìwé náà láti 1922 di 1952. Ní 1897, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria pé 60 ọdún lórí ìtẹ́, ẹgbẹ́ yìí kan náà dá mẹ́dàlì ọlá kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, fún ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀. Ní 1955, Snelling gbà á. Nígbà náà, ó ti kọjá ẹni àádọ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n títí di 1948, ọwọ́ ni a fi ń kun àwòrán inú ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wọ́n kò gba mẹ́dàlì kankan.

Ní òde òní, ọ̀nà ti ṣí sí i. Ẹgbẹ́ náà a máa pàtẹ àwòrán ewéko, ayàwòrán a sì mú ọ̀wọ́ àwòrán tí ó bá ara wọn mu wá síwájú àwọn adájọ́. Mẹ́dàlì wúrà wà, ti fàdákà tí a fi wúrà bò wà, ti fàdákà àti ti idẹ sì wà. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe eré ìje. A kì í fi ẹnìkan wọn ẹnìkejì. Ìwọ̀n pípé ni a fi ń wọn iṣẹ́ olúkúlùkù. Nítorí náà ọ̀pọ̀ lè gba wúrà lọ́dún kan náà, láìjẹ́ pé ẹnìkan gba ti ẹnìkejì. Ní Kew pẹ̀lú, ní 2008, a ṣí ilé kan tí a kọ́ fún àfihàn àwòrán ewéko, tí ń jẹ́ orúkọ Shirley Sherwood.

Ẹnìkan lè wí pé mẹ́dàlì kò lè di oúnjẹ. Òtítọ́ ni, ìjà Fitch fi èyí hàn wá. Ìyìn kì í ṣe owó ọ̀yà, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan dí ipò èkejì. Síbẹ̀, òwe wa kò sọ pé kí a yin ẹni nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe òmíràn mọ́. Ẹni tí ń gbá ilẹ̀ ilé ìsìn, àti ẹni tí ń lu agogo wa ní òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí a kí wọn nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́.