Ìrìn Ọwọ́ àti Ìró Ohun Èlò Orin: Láti Ọ̀dọ̀ Theremin dé Hypercello

Èrò àwọn kan ni pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ ìrìn ọwọ́ olórin ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń pàdánù iyì. Ìtàn kò gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀ pátápátá.

Ní 1920, ní Rọ́ṣíà, Leon Theremin ṣe ohun èlò kan tí a kì í fọwọ́ kàn. Bí ọwọ́ kan bá ti ń sún mọ́ irin rẹ̀ ni ohùn ń lọ sókè. Ọwọ́ kejì ni ó ń pinnu bí yóò ti ròkè lálá tó. Inú iná mànàmáná nìkan ni ìró yìí ti ń wá. Kò sí awọ, kò sí okùn.

Ọ̀nà mìíràn ni Tod Machover, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olórin sẹ́lò, gbà ní MIT ní Amẹ́ríkà láti 1986. Ohun èlò tí ọ̀gá ti mọ̀ dunjú ni ó mú. Ní 1991, Yo-Yo Ma ta *Begin Again Again...* ní Tanglewood lórí hypercello. Sẹ́lò bá gòjé tan: ọrun ni a fi ń wọ́ okùn rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Ma tí ń wọn bí ó ti ń tẹ̀. Àwọn mìíràn ń wọn ibi tí ọrun dé, agbára tí ìka fi tẹ̀ ẹ́, àti ibi tí ìka ọwọ́ òsì wà lórí okùn. Lójú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń fi ìwọ̀n wọ̀nyí yí ohùn sẹ́lò padà tàbí fi òmíràn kún un. Ẹni tí ó bá ti wo bí onídùndún ti ń fún ọṣán kò ní rí èyí bí àjèjì: ìrìn tí ẹ̀rọ ń kà jẹ́ ìrìn tí ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ti fún ní ìtumọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí láàárín rẹ̀ àti iṣẹ́ Theremin.

Ìṣòro kan yọjú. Ọwọ́ tí ó di ọrun mú ń da ìwọ̀n rú. Neil Gershenfeld àti Joseph Paradiso sọ ìdíwọ́ yìí di iṣẹ́. Ní 1994 wọ́n ṣe àga kan fún àwọn onídán Penn àti Teller, tí ara ẹni tí ó jókòó nínú rẹ̀ fi ń darí orin. Ṣùgbọ́n a kò lè pe èyí ní ìtẹ̀síwájú hypercello. Ọ̀dọ̀ Theremin ni ó padà sí, nítorí pé bí a bá pa kọ̀ǹpútà, àga náà yóò dákẹ́. Okùn sẹ́lò Ma yóò ṣì máa dún.