Lámèyítọ́ Láàrin Ẹgbẹ́: Láti Agbo Ìjálá dé Kíláàsì ní Àkókó

Àwọn kan gbà pé àṣà òyìnbó ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ka àtúpalẹ̀ lítíréṣọ̀ tí akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ń wá àṣìṣe ọmọdé, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Olùkọ́ nìkan ni ó ni ìdájọ́. Bí a bá yẹ ìtàn wò fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé ni àwọn apohùn Yorùbá ti ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n sì ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé.

Agbo ìjálá ni ẹ̀rí èyí ti hàn gbangba. Adébóyè Babalọlá, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí àkóónú àti ìhun ìjálá jáde ní 1966, ṣàlàyé pé bí apohùn kan bá ń sun ìjálá, tí ògbóǹtagí mìíràn tí ó wà níbẹ̀ sì gbọ́ pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kì í dákẹ́. Yóò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò sì wí ní gbangba pé bí ó ti sọ ọ́ kọ́ ni ó rí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí, nítorí ẹni tí a ta kò ní ẹ̀tọ́ láti fèsì. Ó lè sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣojú òun. Ó sì lè rọ alátakò rẹ̀ pé kí olúkúlùkù máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Láàrin àwọn babaláwo, ọ̀rọ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1976 pé bí babaláwo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn yòókù a máa dáhùn pé ‘hin’ bí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bá ti tọ̀nà. Bí ó bá ṣìnà, wọn a jẹ́ kí ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí àyè fún ‘ọ̀nà tèmi’ níbẹ̀, nítorí pé ẹsẹ Ifá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè yí padà bí ó ti wù ú.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì kò mú àṣà yìí wọ kíláàsì. Àwọn àgbà jókòó jíròrò lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní 1875. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ, olùkọ́ ń fi yíńkì pupa sàmì sí i, ojú ẹlòmíràn kì í sì í tó o. Ní yunifásítì ni ìpàdé àpérò ti sọ àṣà náà jí. Ní 1975, Abímbọ́lá ṣe olóòtú ìwé tí ó kó àwọn bébà tí a kà níbi àpérò lórí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá ní Ifẹ̀ jọ. Iwájú àwọn akẹgbẹ́ ni a ti kọ́kọ́ ka àwọn bébà náà kí wọ́n tó di ìwé.

Ní Àkókó, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ṣe pàtàkì kí ìlànà méjèèjì yìí yé akẹ́kọ̀ọ́. Ohùn Ìkàrẹ́ yàtọ̀ sí ti Ọ̀kà. Àwọn èdè bí Arigidi, Akpes àti Ukaan sì tún wà ní agbègbè náà. Bí ọmọ Ìpè bá fi oríkì ilé wọn ti àlàyé rẹ̀ lẹ́yìn, tí akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ọ̀kà sì fa ìlà sí i nídìí nítorí pé kò bá ti ìlú tirẹ̀ mu, ìyàtọ̀ ni ó pè ní àṣìṣe. Àwọn oníjàálá yóò ní kí ó jẹ́ kí onítọ̀hún fèsì ná. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ṣi ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé Fágúnwà kọ, tàbí tí ó fi iṣẹ́ òǹkọ̀wé kan fún òmíràn, ẹ̀ka-èdè kò lè gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn babaláwo.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Lámèyítọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ yàtọ̀ sí àṣìṣe yóò pa ohùn ilé ẹlòmíràn rẹ́. Èyí tí kò sì gbọdọ̀ pe àṣìṣe ní àṣìṣe kò kọ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohunkóhun. Ó tọ́ kí olùkọ́ fi méjèèjì kọ́ni kí ó tó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pààrọ̀ ìwé.