Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Ìwé Kan Tó Ń Tẹ̀lé Sójà Délé

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Òwe náà kúrú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Wọn kò pe ẹni tó gbọ́ ẹnu ẹnìkan tó sì dájọ́ ní òmùgọ̀, wọn kò pè é ní aláìmọ̀kan. Òṣìkà ni wọ́n pè é. Aláìmọ̀kan kò mọ̀ pé ẹnì kejì wà. Àgbà tó jókòó ti ẹjọ́ mọ̀. Ó mọ̀ pé ẹnu méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan. Wọn kò sì pè é ní ọmọdé, nítorí ìdájọ́ ọmọdé kì í lé ẹnikẹ́ni kúrò nílùú. Àgbà ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń mú ìlú dúró. Òun kan náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè ba ayé ẹni jẹ́.

Mo fẹ́ fi òwe yìí wo ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ẹni pé ó jìnnà sí wa, tó sì ti wọ inú ilé àwọn kan lára wa: ọ̀rọ̀ sójà Amẹ́ríkà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó wá ń béèrè pé kí wọ́n tún ìwé tí wọ́n fi lé òun lọ gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n sì yí i padà sí rere. Àwọn kan gbà pé àánú ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tọrọ. Èmi gbà pé ìyókù ẹjọ́ tí wọn kò gbọ́ tán ló ń béèrè fún.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé kan wà tí ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun ń gbà lọ́wọ́ ìjọba. DD 214 ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí sójà wọṣẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ tó kúrò wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe àti àmì ẹ̀yẹ tó gbà náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú ń kọ́kọ́ lọ ni ìlà kékeré tó sọ irú ìkúrò tí ó kúrò. Oríṣi márùn-ún ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìkúrò oníyì. Èkejì ni ti gbogbogbò: iyì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ̀kẹta ni èyí tó sọ pé sójà náà kúrò lọ́nà tí kò bá iyì mu. Ẹ̀kẹrin ni ti ìwà burúkú, ẹ̀karùn-ún sì ni ti àbùkù.

Méjì tó gbẹ̀yìn yìí, ilé ẹjọ́ ológun nìkan ló lè fi wọ́n jẹ sójà níyà. Ẹ̀kẹta ló yẹ kí a tẹjú mọ́, nítorí àwọn ọ̀gá lè fi lé èèyàn lọ láì dé ilé ẹjọ́ rárá. Lóòótọ́, sójà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí ìgbìmọ̀ kan jókòó gbọ́ tẹnu òun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ ìwọ̀n ohun tó ń sọ nù ló ti fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ náà, kí òun ṣáà lè tètè padà sílé. Ó délé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà kékeré náà bá a délé.

Ohun tí ìlà náà ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kò kéré. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá jẹ́ oníyì pátápátá kì í jẹ àǹfààní owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba ń san fún àwọn sójà àná. Ẹni tó bọ́ sí ipò kẹta lè pàdánù owó ọgbẹ́ ogun àti ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn wọn, àfi bí ìjọba bá yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò tó sì gbà fún un. Ẹni tó gba ti àbùkù, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kó ní ìbọn. Bí ó bá sì wá iṣẹ́ lọ, agbanisíṣẹ́ lè ní kó mú DD 214 rẹ̀ wá. Ọdún mẹ́rin tó sìn lè di ohun tí yóò máa fi pamọ́ bí ẹni fi egbò pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Brownsville, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Texas, létí ààlà Mẹ́síkò. Ní òru ọjọ́ 13, oṣù Ògún, ọdún 1906, ìbọn dún nígboro. Ọkùnrin kan tó ń ta ọtí kú, ọlọ́pàá kan sì fara gbọgbẹ́. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú láti inú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ẹlẹ́sẹ̀ 25 kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé bárékè Fort Brown, inú ọ̀pọ̀ ará ìlú kò sì dùn sí wíwá wọn. Kíá ni àwọn ará ìlú nawọ́ ẹ̀sùn sí wọn. Àwọn ọ̀gá wọn tó jẹ́ òyìnbó kọ́kọ́ sọ pé inú bárékè làwọn sójà wà lásìkò tí ìbọn ń dún. Àwọn ìgbìmọ̀ tó gbé ẹ̀sùn náà yẹ̀ wò ní Texas kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n lè fà lọ sílé ẹjọ́. Àwọn olùwádìí ológun bi àwọn sójà náà léèrè, àwọn sójà ní àwọn kò mọ ẹni tó yìnbọn. Àwọn olùwádìí ní irọ́ ni, pé ṣe ni àwọn sójà náà mulẹ̀ láti bo ara wọn láṣìírí. Àìmọ̀ wọn di ẹ̀ṣẹ̀ wọn.

Ní oṣù Bélú ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Theodore Roosevelt pàṣẹ pé kí wọ́n lé 167 nínú wọn lọ láìsí iyì, kí wọ́n má sì gbà wọ́n sí iṣẹ́ ìjọba mọ́. Ilé ẹjọ́ kankan kò jókòó lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Mingo Sanders, ti lo ọdún 26 lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Èèyàn 167, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹnu, ní orúkọ, ní ibi tó wà lóru ọjọ́ náà. Ẹnu kan ṣoṣo ni a gbọ́, tí a sì fi dá gbogbo wọn lẹ́bi. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba wa rí tí wọ́n fi pe ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìwà ìkà, Brownsville rèé.

Joseph Foraker, sẹ́nétọ̀ láti Ohio, jà fún wọn nílé aṣòfin. Ní 1910, ìgbìmọ̀ ológun kan gbà kí 14 nínú wọn padà síṣẹ́. Àwọn yòókù gbé orúkọ burúkú náà kiri títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kú. Ní 1970, òǹkọ̀wé John Weaver tẹ ìwé kan jáde tó tú ọ̀rọ̀ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣòfin Augustus Hawkins láti California sì gbé e dé iwájú ìjọba. Ní 1972, iléeṣẹ́ ológun gbà pé a ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n sì sọ ìkúrò gbogbo wọn di oníyì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Brownsville rìn fún ọdún 66 kí òtítọ́ tó bá a.

Dorsie Willis wà lára ìwọ̀nba àwọn tó ṣì wà láàyè. Ó ti di arúgbó ẹni ọdún 86 nígbà náà. Ìlú Minneapolis ló ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ayé rẹ̀ tọ́jú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tó ń dán bàtà fún àwọn oníbàárà. Ìjọba san 25,000 dọ́là fún un. Ó sì kú ní 1977. Ta ló lè dá ọdún 66 padà fún un? Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àtúnyẹ̀wò ìwé sójà jẹ́ ohun tí a ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la.

Lẹ́yìn Brownsville, ìwé mìíràn tún wà tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù. Láti 1916 di 1947 ni wọ́n fi ń lé sójà láì gbé e dé ilé ẹjọ́. Láàárín oṣù Ọ̀pẹ 1941 àti ìparí oṣù Okúdù 1945, iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ fún èèyàn 48,603 ní ìwé búlúù yìí. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju nǹkan bí mẹ́fà àbọ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún sójà. Síbẹ̀ 10,806 nínú àwọn ìwé náà ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́, èyí tó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Wọ́n fi lé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin lọ pẹ̀lú. Ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú náà, Pittsburgh Courier, kígbe lé e lórí ní 1945 pé ìrẹ́jẹ ni.

Àárín ìgbà yẹn ni òfin la ọ̀nà àtúnyẹ̀wò. Òfin 1944 tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí, èyí tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti owó ilé fún àwọn tó ti ogun dé, òun náà ló dá ìgbìmọ̀ tó ń tún ìwé ìkúrò yẹ̀ wò sílẹ̀. Ní 1946, òfin mìíràn dá ìgbìmọ̀ kejì sílẹ̀, tó lè ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ sójà lápapọ̀. Títí di òní, ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 tó kúrò lè kọ fọ́ọ̀mù DD 293 sí ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí tirẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ológun tó ga jù ló lé e, yóò kọ DD 149 sí èkejì. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún un láti ìgbà tó ti mọ̀ nípa àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè gbójú fo iye ọdún bí ìdájọ́ òdodo bá béèrè fún un. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù méjèèjì.

Ìbéèrè méjì ni ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀. Ṣé wọ́n tẹ̀lé òfin nígbà tí wọ́n lé sójà yìí? Bí wọ́n bá sì tẹ̀lé e, ṣé ohun tí wọ́n ṣe tọ́? Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan bófin mu, ọ̀tọ̀ ni kó tọ́. Sójà lè mú ẹlẹ́rìí wá, ó lè gba lọ́yà, ó sì lè ní òun fẹ́ dúró níwájú wọn kí òun fẹnu ara òun sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ìgbìmọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀gá ológun ṣe ohun tó yẹ; ẹni tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí náà sì lè ṣòro rí. Ní 1973, iná jó ibi tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn sójà àná sí nítòsí St. Louis, ní Missouri. Fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18 ló run níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé dókítà, lẹ́tà ẹni tí wọ́n jọ sìn, àti ọ̀rọ̀ ìyàwó tó rí bí ọkọ ṣe yí padà lẹ́yìn ogun fi ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ ìyípadà yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ dá lé lórí. Àwọn ọ̀dọ́ tó bọ̀ láti ogun Vietnam ń pariwo lójú oorun, wọ́n ń mutí, wọ́n ń sá kúrò ní bárékè. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀gá wọn rí. Kò sí dókítà tó lè dárúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tó kọ ọgbẹ́ ọkàn tí ogun ń dá sára, tí wọ́n ń pè ní PTSD, sínú ìwé àrùn wọn. Ní 2014, Chuck Hagel, mínísítà ètò ààbò, pàṣẹ pé kí àwọn ìgbìmọ̀ fi ojú àánú wo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2017, wọ́n fẹ ìlànà náà lójú kó lè kan ẹni tí orí rẹ̀ fara pa àti ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Ṣé nǹkan ṣe ẹni yìí lóòótọ́? Ṣé ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó lè jẹ́ ìdí ohun tó ṣe, tàbí kó sọ ọ́ di fífúyẹ́? Ṣé ó wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ? Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni etí kejì tí òwe wa ń béèrè.

Ṣùgbọ́n òwe yìí kò gbè sẹ́yìn sójà nìkan. Bí ìgbìmọ̀ bá gbọ́ ẹkún rẹ̀, tí kò ka ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀, ìgbìmọ̀ náà ti di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Ẹ̀ṣẹ̀ gidi wà. Ológun tí kò ní ìbáwí kì í ṣe ológun mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń béèrè kò gbọdọ̀ purọ́. Kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, kó sọ ohun tó fà á, kó sì fi ìgbé ayé rẹ̀ láti ọjọ́ náà hàn. Ìlànà 2018 sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wo irú ẹni tí ó ti dà, pé ẹni tó ti yí padà yẹ fún àǹfààní kejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Ètò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008 gba àjèjì tó gbọ́ èdè tí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nílò wọlé, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Òfin ń jẹ́ kí àjèjì tó bá sìn tètè di ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé e lọ́nà tí kò bá iyì mu kó tó sìn pẹ̀lú iyì fún ọdún márùn-ún, ìjọba lè gba ìwé ọmọ-ìlú náà padà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa sá fún òde àríyá, kó máa purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé àsìkò iṣẹ́ òun ló pé. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni wọ́n kọ́ ọ, òun náà sì panu mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná. Ẹ bi í léèrè ọdún tó kúrò, kí ọdún 15 má ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹ bá a wá DD 214 rẹ̀, ẹ bá a wá ẹlẹ́rìí. Ìwọ tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ, bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Dorsie Willis dúró fún ọdún 66. Nígbà tí wọ́n lé e, kò sí irú ìgbìmọ̀ yìí tó lè kọ̀wé sí. Ìgbìmọ̀ ti wà báyìí. Kọ fọ́ọ̀mù náà.