Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Ló Kọ́kọ́ Yege

Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní eré ìdárayá ní Ìgbògbò yìí lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal láti orí gólì títí dé orí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ wá bi wọ́n pé ẹgbẹ́ wo ló kọ́kọ́ yege ní Nàìjíríà. Àwọn kan á ní Stationery Stores, àwọn mìíràn á ní Shooting Stars. Wọn ò tíì súnmọ́ ọn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1904 ni, ní Kàlàbá. Hope Waddell Training Institution, ilé-ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì láti Scotland dá sílẹ̀ ní 1895, ló gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn atukọ̀ HMS Thistle, ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ gbá 3 wọlé, àwọn atukọ̀ gbá 2. Kò sí ìdíje bọ́ọ̀lù tó ṣáájú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wa.

Àwa ará Èkó fẹ́ràn ká máa sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ti bọ́ọ̀lù kọ́. Kàlàbá ni ìjọba Gúúsù Nàìjíríà fìdí kalẹ̀ sí nígbà náà. 1906 ni wọ́n tó pa á pọ̀ mọ́ Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ níbẹ̀, ará Scotland sì wà lára àwọn tíṣà Hope Waddell. Wọ́n ní Rẹ́fúrẹ́ńdì James Luke ló gbé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọ ilé-ìwé náà ní 1902. Lẹ́yìn tí King's College dé ní 1909, Èkó náà gbóná. Òyìnbó oníṣòwò kan, Mulford, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sórí pápá títí wọ́n fi ń pè é ní Baba Èkó.

Ẹ má rò pé irú bọ́ọ̀lù tòní ni wọ́n ń gbá o. Mo bá bọ́ọ̀lù aláwọ ayé àtijọ́ ní kékeré. Bíládà ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti fẹ́ atẹ́gùn sí i tán, a ó ká ọrùn rẹ̀, a ó fi okùn dì í, a ó tì í wọnú, kí a tó di ẹnu awọ náà pinpin. Bí òjò bá rọ̀, awọ á mu omi, á wúwo. Ẹni tó bá sì fi orí kàn án níbi tí okùn wà, iwájú orí rẹ̀ á bó. Ẹsẹ̀ lásán la sì fi ń gbá a! O ò gbọdọ̀ fi ìka ẹsẹ̀ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni, tàbí òkè rẹ̀.

Ẹsẹ̀ lásán yẹn pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Ìlú Ọba. Etim Henshaw ni kápútéènì, Teslim Balogun, tí wọ́n ń pè ní Thunder, wà láàárín wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì wọ bàtà. Wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, 5 sí 2.

Ẹ jẹ́ ká wá fi àkọsílẹ̀ tiwa wé ti ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀lù tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ń gbá nígbà Hope Waddell yẹn, irú tiwọn tó yàtọ̀ sí tiwa, burú débi pé ó ń pa ọmọ. Ní 1905, ààrẹ Theodore Roosevelt fúnra rẹ̀ pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton jọ lórí ọ̀rọ̀ náà, òfin sì yí padà ní ọdún kejì. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀: sáà kọ̀ọ̀kan, ìdíje kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tiwa ńkọ́? 3 sí 2 ni gbogbo èèyàn ń tún sọ. Ẹni tó gbá góòlù kẹta wọlé, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ rí. Èyí ń dùn mí ju bí Kàlàbá ṣe ṣáájú wa lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìgbògbò, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí fọ́tò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé yín ṣì wà nínú àpótí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú bírò. Ẹ kọ ọdún náà sẹ́yìn fọ́tò, ẹ kọ orúkọ olúkúlùkù àti ipò tó gbá, nígbà tí àwọn tó lè dá wọn mọ̀ ṣì wà láàyè.